Fídíò ọmọ oṣù mẹ́ta àti kọ̀ǹpútà tó ń wá CP

Ọ̀pọ̀ òbí kì í fura sí cerebral palsy, àìlera ìṣíra ara tí ọpọlọ tó fara pa ń fà, èyí tí wọ́n ń pè ní CP nílé ìwòsàn, àfi ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bá ti ń jókòó tí tiwọn ò lè jókòó. Àmì kan sì ti máa ń yọjú ṣáájú. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 sí 20, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò fara pa máa ń yíra wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tó bá lajú sílẹ̀ tí kò sunkún: ọrùn, èjìká, ọrùn ọwọ́, ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀ á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fidgety movements ni Heinz Prechtl, dókítà tó ṣèwádìí ọpọlọ ọmọ ọwọ́, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń pè é. Ọmọ tí kò bá ní in rárá, ewu CP rẹ̀ ga gan-an. Àwọn tí ojú wọn mọ̀ ọ́n wò ni kò pọ̀, ìyẹn ló mú kí wọ́n máa kọ́ kọ̀ǹpútà láti wò ó.

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí ọmọ la fi ń ka ọ̀sẹ̀ yìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú àkókò, tó ti lo ọ̀sẹ̀ 20 láyé, ọ̀sẹ̀ 12 ló wà. Bí ẹ bá ya ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, ìyíra náà kò tíì dé, ẹ̀rọ á sì fura sí ọmọ tí ara rẹ̀ le koko. Ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 ló dára jù.

Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ gbalaja, kó dojú sókè, lórí aṣọ tí kò ní àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ara ọmọ. Páńpáàsì nìkan ni kó wọ̀. Kò gbọdọ̀ mu nǹkan kan lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a ṣeré. Ẹ de fóònù mọ́ nǹkan lókè rẹ̀, kí gbogbo ara wọ inú fídíò, ìṣẹ́jú 3 sí 5. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ dúró, nítorí ẹkún máa ń bo ìyíra náà mọ́lẹ̀. Ẹ má sì fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fídíò lásán, torí ó máa ń fún un pọ̀. Bíi document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà á wá fi àmì sí oríkèé ara nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, á tọpa wọn, á sì fi gígùn àyà dé ìbàdí ṣe òṣùwọ̀n kí ọmọ ńlá àti kékeré lè dọ́gba. Ibí ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Ara àgbàlagbà ni wọ́n fi kọ́ OpenPose, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá oríkèé ara nínú àwòrán, àtàwọn irú rẹ̀; orí ọmọ ọwọ́ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, bó bá sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á pe òsì ní ọ̀tún. Àwọn kan á wá fi filter dan ipa náà kó má gbọ̀n mọ́. Ìgbọ̀n kéékèèké yẹn gan-an là ń wá! Àṣìṣe kejì ni pípín àgékù fídíò ọmọ kan náà sí apá tí ẹ̀rọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ àti apá tí wọ́n fi ń dán an wò: ẹ̀rọ á há ọmọ náà sórí, máàkì á ga, irọ́ ni. Ọmọ ni ká pín, kì í ṣe àgékù.

Iṣẹ́ tí Groos àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2022 lo ọmọ 557 láti Norway, Belgium, Íńdíà àti Amẹ́ríkà. Nínú 139 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò, 21 ní CP. Ẹ̀rọ mú 15, 6 bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú 118 yòókù, ó fura sí 7 lásán. Ó dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wà nínú ewu ni gbogbo wọn. Ẹ gbé e lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ọmọ 1,000 tí 2 péré ní CP kọjá níwájú rẹ̀: yóò fura sí bí 59 tí kò ní nǹkan kan. Ọmọ tó ti wọ ẹ̀rọ amóoru, tí kò ké nígbà ìbí, tàbí tí ibà apọ́njú (jaundice) mú gidi ló yẹ ká lò ó fún. Méjì tó kẹ́yìn yìí ló ń fa CP púpọ̀ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ kò sí ilé ìwòsàn Áfíríkà kankan nínú iṣẹ́ náà, nítorí náà ó yẹ ká dán an wò lára ọmọ tiwa kí dókítà tó gbára lé e.

Bí ẹ̀rọ bá fura, ẹ tún ọmọ yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí dókítà sì ṣe HINE, àyẹ̀wò ọpọlọ àti iṣan ọmọ ọwọ́, fún un: nǹkan 26 ló ń yẹ̀ wò, 78 ni máàkì tó ga jù, kò sì nílò ẹ̀rọ olówó ńlá bíi MRI. Kí fisiotẹ́rápì bẹ̀rẹ̀ láìdúró de orúkọ àìsàn. Bí ẹ̀rọ bá sì ní kò sí nǹkan, àmọ́ tí ọmọ ń di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ kan ṣáá tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ẹ gbé e lọ bá dókítà.