Kí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa kọlu ọlọ́pàá?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, ọlọ́pàá tí wọ́n ń kọlù nígboro Èkó yìí, kì í ṣe pé orí àwọn èèyàn kàn dàrú lásán. Nígbà ìwọ́de EndSARS ní October 2020, ọlọ́pàá 22 ni ọ̀gá àgbà wọn sọ pé wọ́n pa jákèjádò Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe ìwọ́de, ká láti 11 October o. Ó ti pẹ́ jù ni. Owó tí àwọn ọlọ́pàá ń gbà lójú ọ̀nà, fóònù ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń tú wò, gbogbo ẹ̀ ló kó jọ, ìgbà tó wá bú, ẹni tó bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù ló jẹ ẹ́, kódà ẹni tí ò gba kọ́bọ̀ rí.

Ìbínú nìkan kọ́ ṣá. Tí wọ́n bá fẹ́ gba ọ̀kadà, tí ọlọ́pàá ò ju mẹ́ta lọ, tí èrò ti yí wọn ká, ẹnìkan á kàn pariwo pé wọ́n ti pààyàn, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé ta ni wọ́n pa, òkúta ti ń fò nìyẹn, tí ọ̀kan nínú wọn bá sì yìnbọn sókè, ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ti ọlọ́pàá tó wọ múfútì, ìyẹn aṣọ ilé, ńkọ́? Ta ló fẹ́ mọ̀ pé ajínigbé kọ́ ló fi mọ́tò aláìní nọ́ńbà wá?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni tàwọn adigunjalè, àwọn yẹn ò bínú sẹ́nikẹ́ni, ìbọn ọwọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń wá, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni méjì péré ló dúró lóru láìsí rédíò tó ń ṣiṣẹ́.