Àyẹ̀wò Ọdún: Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́ Tó Wà Nílẹ̀ àti Iṣẹ́ Tó Kù Lára Wọn

Ọdún ti fẹ́ parí, ó sì tó àkókò láti yẹ àwọn kẹ̀kẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ká kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀. Lọ́dún yìí náà, ọwọ́ ẹni tó ń kánjú ba kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jẹ́ ju ìpáàrà lọ. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn ún, ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ fà sára fírémù: bí a bá ti fi ẹ̀rọ yanrìn fọ́n wọn kúrò, ó parí nìyẹn. Táyà tuntun ṣeé rà. Ọ̀dà ọdún 1935 kò ṣeé rà.

Nítorí náà, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le la fi ń bẹ̀rẹ̀. Irin tó ní ìpáàrà tó ṣeé tú kúrò là ń rì sínú oxalic acid, ìyẹn ásíìdì tó ń bọ́ ìpáàrà: ṣíbí ìjẹun kan sí omi lítà mẹ́rin, nínú ike. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi awò bo ojú, májèlé ni. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi tí ẹ po sódà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì (baking soda) sí ṣan án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè á dì mọ́ ọn. Alumíníọ̀mù àti irin tí wọ́n fi síńkì bò kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Kọ́tà ló ń gba sùúrù jù, ìyẹn píìnì irin tó de apá pẹ́dà mọ́ ọ̀pá tó gba àárín fírémù kọjá. Ẹni tó bá fi òòlù gbá a láìfi nǹkan ti apá pẹ́dà nísàlẹ̀, ara àwọn bọ́ọ̀lù inú fírémù ni agbára òòlù náà ń lọ. Ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí lé á ní ihò, orí kọ́tà á sì tẹ̀ wúgbẹ́ bí olú. Ẹ da òróró sí i mọ́jú, ẹ tú nọ́ọ̀tì títí ojú rẹ̀ á fi bá orí kọ́tà dọ́gba, kí ẹ tó fi irinṣẹ́ tí a ń yí tì í. Bí kò bá sí irinṣẹ́, ẹ fi páìpù irin tó dúró lórí ilẹ̀ líle ti apá pẹ́dà, kí kọ́tà lè já sínú rẹ̀. Ìgbá òòlù ńlá kan sàn ju kéékèèké mẹ́wàá lọ.

Ẹ wọn ti àtijọ́ kí ẹ tó ra òmíràn. Mílímítà 9.5 ni ti ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Raleigh, òmíràn jẹ́ 9. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ á máa mì, á sì jẹ ihò apá pẹ́dà. Kọ́tà méjèèjì kì í kọjú síbì kan náà. Lẹ́yìn tí a bá ti gùn ún díẹ̀, ká tún nọ́ọ̀tì fún. Bọ́ọ̀lù inú fírémù tó yí ọ̀pá náà ká jẹ́ 22, 11 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ínǹṣì ¼. Ife irin Raleigh tí àwọn bọ́ọ̀lù náà ń yí nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jù nù: eyín tí a fi ń yí i wọlé jẹ́ 26 nínú ínǹṣì kan, 24 ló wọ́pọ̀ lára ti ilé iṣẹ́ mìíràn.

Hóòbù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí jíà wà nínú rẹ̀, ti Sturmey-Archer AW oní jíà mẹ́ta sábà máa ń ní ọdún lára: 52 jẹ́ 1952. Ká má fi ìyẹn nìkan sọ ọjọ́ orí kẹ̀kẹ́, wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí pẹ́dà bá ń já lófìfo láàárín jíà kejì àti ìkẹta, ẹ kọ́kọ́ wo okùn jíà, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ pé hóòbù bàjẹ́. Ẹ fi sí jíà àárín, ẹ wo ihò ara nọ́ọ̀tì ọ̀tún: ibi tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ṣéènì kékeré ti nípọn gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀pá ẹsẹ̀ dọ́gba. Òróró fẹ́lẹ́ ni kí ẹ kán sí ihò òróró ara hóòbù. Òróró tó ń di gọ́ọ̀mù á so àwọn ahọ́n kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀.

Ti táyà, ẹ má wo "28" nìkan. 28 × 1½ ti kẹ̀kẹ́ oníbíréèkì ọ̀pá jẹ́ mílímítà 635 níbi tí táyà ti jókòó lórí rímù. 28 tó wọ́pọ̀ lóde òní jẹ́ 622, kò sì lè wọ rímù yẹn láéláé.

Sádù (ìjókòó) aláwọ ló kù fún ọdún tó ń bọ̀. Òróró rẹpẹtẹ ń mú kí awọ rọ̀ kó sì wó, nítorí náà ìpara díẹ̀ ló tó. Bóòtù iwájú rẹ̀ tó ń fa awọ le, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan ni ká máa yí i lẹ́ẹ̀kan, kí á sì tó tún un fún, ká jókòó lé e wò.