Ọkọ̀ Tó Ń Súfèé Lóru

Kò sí ẹni tí kò ní ìmọ̀ràn lórí ọkọ̀ tó ní tọ́bò ní ìlú Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gá mẹkáníìkì títí dé orí ìyá tó ń ta àmàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà rẹ̀. Tèmi jẹ́ tòkúnbọ̀ ilẹ̀ Jámánì kan tó ti rí ayé. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju lítà 1.8 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi tọ́bò kún un kí ó lè ní ipá tí ẹ́ńjìnì ńlá ní, ó sì ní in lóòótọ́ títí di ìgbà tí wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí dé.

Orí òkè Màpó ni àṣírí ti kọ́kọ́ tú. Mo ti tẹná mọ́ ọkọ̀ náà débi tí ẹsẹ̀ mi kò ní ibi tí yóò tún lọ, síbẹ̀ ńṣe ló ń rá pálá, tí èéfín dúdú sì ń bo àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Máíkírà kan tó jẹ́ takisí, tó kó èrò kún, tó tún so ewúrẹ́ mọ́ inú bùútù tí kò lè pa dé, yà bàrá, ó sì kọjá mi. Awakọ̀ rẹ̀ yọ orí síta, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Èyí kò dùn mí tó bí ewúrẹ́ náà ṣe wò mí lójú láti inú bùútù, tí ó ń jẹ ewé rẹ̀ lọ, títí tí wọ́n fi yà síbi tí n kò ti rí wọn mọ́.

Ohun tó mú kí àìsàn náà le láti mọ̀ ni pé bí mo bá rọra ń wakọ̀, kò sí ohunkóhun tó ń ṣe é. Bí mo bá tẹná ni ariwo tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, “fíííí,” tí yóò máa ròkè bí eré ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń gbé ìyá mi bọ̀ láti ibi ìsìn àìsùn kan ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, a sì dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè díẹ̀.

Ìyá mi jí lójú oorun. Ó ní, “Àkànní, ta ló ń súfèé?”

Mo ní, “Ọkọ̀ ni, Màmá.”

Ó ní, “Sọ fún un kó dákẹ́. A kì í súfèé lóru. Ejò ló ń pè yẹn.”

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná láti fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún un, ariwo náà sì dá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màmá wá mi orí, ó ní ó dára bí ó ṣe gbọ́ràn. Láti ibẹ̀ dé ilé, gbogbo ìgbà tí mo bá tẹná ni Màmá ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ó ń bá ọkọ̀ náà wí, tí èmi sì ń gbé ẹsẹ̀, nítorí n kò lè máa bá ìyá mi jiyàn kí n tún máa wá ejò nínú òkùnkùn. Ó sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù ní ọjọ́ kejì pé ọkọ̀ Àkànní ní ẹ̀kọ́ ilé, pé ó kàn máa ń gbàgbé ni.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kò fi àkókò ṣòfò ní tirẹ̀. Ó ní kí n tan ọkọ̀, ó dẹ etí sí i níbi tí ó dúró sí, ó tẹná sí i títí ó fi ń ké, kò sì gbọ́ súfèé kankan. Ó wá pa á, ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó ní, “Ọ̀gá, tọ́bò ti lọ.” Kí n tó bi í léèrè ibi tí ó lọ, ó ti ń bá ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ní Gate sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Iye tí wọ́n dárúkọ tó owó ilé ìwé ọmọ kan ní sáà kan, ẹni náà sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti ná an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tọ́bò ń ṣe, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi wọ̀ mí létí. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Ó rí i pé èéfín tó ń ti inú ẹ́ńjìnì jáde lọ sí sàlẹ́ńsà ní agbára tó ń ṣòfò, nítorí náà ó ní kí èéfín yìí kọ́kọ́ yí fáànù kékeré kan kó tó máa lọ. Fáànù kejì wà ní ìdí kejì irin kan náà, òun ló ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń fún un pọ̀, tó sì ń tì í gba inú hóòsì lọ sí íntákúlà kí ó lè tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnì. Irin tó so àwọn fáànù méjèèjì yìí pọ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà bí ó bá fẹ́ kú, kì í kú ní ìdákẹ́jẹ́: yóò máa mi, yóò máa fi ẹnu fáànù họ ilé rẹ̀, yóò sì máa mu ọ́ìlì, èéfín rẹ̀ yóò sì ní àwọ̀ búlúù. Dúdú ni tèmi. Mo ní kí wọ́n tú hóòsì ẹnu tọ́bò, mo ti ìka bọ inú rẹ̀, mo mi irin náà sókè sódò, ó dúró gbọn-in, fáànù náà sì ń yí wẹ́rẹ́ láìkan ibì kankan. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní òkú mìíràn máa ń rẹ́rìn-ín.

A ránṣẹ́ pe réwáyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbé ẹ̀rọ sìkáànù rẹ̀ dé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ènìyàn fi ń gbé ohun tí kò tíì san owó rẹ̀ tán, ó so ó mọ́ abẹ́ sítíà, ó sì ka kóòdù P0299. Inú ọ̀gá mẹkáníìkì dùn, ó ní ẹ̀rọ náà ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ohun tí P0299 ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ béèrè fún afẹ́fẹ́ kan, afẹ́fẹ́ náà kò sì pé. Kò sọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ hóòsì tó ya, ó lè jẹ́ íntákúlà tó lu, ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tó ń tú èéfín tó pọ̀ jù dànù ló kọ̀ láti pa dé, ó lè jẹ́ fáàfù tó ń dá afẹ́fẹ́ padà nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ ni rọ́bà inú rẹ̀ ti fà ya, sàlẹ́ńsà tó dí sì wà nínú àwọn afurasí. Tọ́bò fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn ìlà, nítorí òun ló wọ́n jù, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ mú un.

Réwáyà mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní fi dù ú. Ó ní kí a yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ka 990 mílíbà, tí í ṣe afẹ́fẹ́ ojú ayé lásán ní Ìbàdàn, a fi mọ̀ pé ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà kò purọ́. Lẹ́yìn náà a gbé ọkọ̀ sí títì. Mo ń wà, ó ń kà: kọ̀ǹpútà béèrè 1,580, ohun tó dé kò ju 1,150 lọ. Bí a ti ń gun òkè, ó ń kígbe àwọn nọ́ńbà yìí síta fèrèsé tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀, débi pé obìnrin kan tó fẹ́ sọdá dúró láti wò wá, ó bi wá bóyá àwa ni a ń gba owó ẹgbẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀nà tó dájú jù láti mú olè afẹ́fẹ́ ni kí a dí ẹnu tọ́bò pa, kí a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú gbogbo hóòsì náà láìtan ẹ́ńjìnì. A ra ìdérí páìpù omi lọ́wọ́ pọ́lọ́ńbà, a lu ihò sí i, a ki fáàfù táyà bọ inú ihò náà, a fi kílíìpù dè é mọ́ hóòsì tó ń bọ́ tọ́bò. Afẹ́fẹ́ ló kù, ẹni tó sì ní afẹ́fẹ́ ni Bọ̀dá Fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì.

Ó na hóòsì rẹ̀ wá. Ó ní, “Mélòó ni kí n ki sí i?”

Réwáyà ní, “Fíftíìn péré, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Bọ̀dá Fọkanáísà wo ọkọ̀ náà láti orí dé ìsàlẹ̀, àánú wa ṣe é. Ó ní, “Fíftíìn? Kẹ̀kẹ́ ọmọ mi ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Réwáyà ti sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fún hóòsì tí ikùn ẹ́ńjìnì fi ń mí pa, nítorí inú ẹnu tọ́bò ni hóòsì yẹn já sí, afẹ́fẹ́ yóò sì gba ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì. Ọ̀gá mẹkáníìkì, tí ọ̀rọ̀ sìkáànù ti ń bí nínú láti àárọ̀, ní òun ti ń tú ẹ́ńjìnì nígbà tí bàbá réwáyà ṣì ń jẹ́ ọmọ ilé ìwé, pé ẹ́ńjìnì kì í ṣe bàlúùnù. Ibi tí wọ́n bá iyàn dé nìyí nígbà tí Alájì, onílé tó wà níwájú ọgbà náà, jáde.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni. Alájì wọ agbádá gíńnì funfun tí wọ́n lọ̀ débi pé ó ń dá dún bí ó bá ń rìn, ó ń lọ sí mọ́sálásí. Àgbàlagbà tó máa ń bójú tó ọ̀rọ̀ àdúgbò ni, ó yà wá wò. Ó tẹ̀ síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó apá agbádá sórí èjìká, ó ní, “Kí lẹ ń ṣe fún un?” Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè wò ó lójú kó ní kó sún sẹ́yìn, Bọ̀dá Fọkanáísà sì ti ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀.

Gééjì ọ́ìlì ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó dún “pọ́ọ̀!”, ó fò jáde láti inú ihò rẹ̀, ó kọjá etí fìlà Alájì, ó sì lọ bà sórí páànù ìsọ̀ fọkanáísà. Ọ́ìlì tó bá a jáde fa ìlà kan ṣoṣo láti èjìká ọ̀tún Alájì dé ìdodo, ó gún régé, kódà ẹni tó ń fi rúlà fa ìlà kò lè fà á tó bẹ́ẹ̀. A wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dìde.

Alájì wo agbádá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ọ́ìlì tuntun ni àbí ti tẹ́lẹ̀?”

Mo ní, “Tuntun ni, Bàbá.” Ó wo ìlà náà, ó wo èmi náà, dúdú ni ọ́ìlì náà bí ìkòkò aró. Ó kọjú sí ilé rẹ̀ láti lọ pa aṣọ dà, a sì gbọ́ nígbà tó yá pé kùtúbà ti parí kó tó dé mọ́sálásí.

Ọ̀gá mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló fún hóòsì náà pa nígbà kejì, láìsọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ wọlé, gééjì jókòó jẹ́jẹ́, a sì gbọ́ súfèé náà kedere, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tó ti ń wá, nítorí ó ń lu irin gbogbo padà. Réwáyà gbé etí sí apá òsì, ọ̀gá mẹkáníìkì gbé tirẹ̀ sí ọ̀tún, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn láti òdìkejì ẹ́ńjìnì. Bọ̀dá Fọkanáísà tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè lọ gbé ike omi ọṣẹ rẹ̀ tó fi ń wá páńṣà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń fi omi pa gbogbo hóòsì lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: “Ihò rèé.”

Mo dọ̀bálẹ̀ láti wò ó. Hóòsì tó lọ sí íntákúlà ni, ó ti ya ní abẹ́, níbi tí ó ti tẹ̀ kọ́rọ́, tí ojú kankan kò lè rí i láti òkè. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì í, ẹnu náà á ṣí, fóòmù ọṣẹ á máa hó lẹ́nu rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dá, á pa dé, ènìyàn á sì búra pé hóòsì gidi ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n tẹná sí ọkọ̀ lójú kan, nítorí tọ́bò kì í ki afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí ẹrù kò bá sí lórí ẹ́ńjìnì. Ibẹ̀ náà ni èéfín dúdú ti wá: kọ̀ǹpútà ti ka afẹ́fẹ́ náà ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ti bu epo tó tọ́ sí i, kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bọ̀dá Fọkanáísà ti mú gọ́ọ̀mù àti pẹ́ǹṣì jáde kí ó lẹ̀ ẹ́. Ó ṣòro kí a tó fi yé e pé ooru àti ọ́ìlì kò ní jẹ́ kó mú. Wọ́n ra hóòsì mìíràn pẹ̀lú kílíìpù rẹ̀ láti Gate, lọ́wọ́ ẹni tó ti ń retí owó tọ́bò láti àárọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dùn mọ́. Nígbà tí a tún gbé e sí títì, kọ̀ǹpútà béèrè 1,580, wọ́n fún un ní 1,570, réwáyà sì kígbe rẹ̀ síta fèrèsé fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́.

Nígbà tí mo béèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Fọkanáísà, owó páńṣà kan ló gbà. Ó ní ihò kan ni òun rí. Owó gíńnì Alájì ju gbogbo owó tí mo ná lórí ọkọ̀ lọ, n kò sì jiyàn. Láti ìgbà náà, ọ̀gá mẹkáníìkì ti ń darí àwọn ọkọ̀ tó ní tọ́bò kọjá sí òdìkejì títì, Bọ̀dá Fọkanáísà sì ti fi ọ̀dà pupa kún ohun tó wà lára pátákó rẹ̀: A Ń LẸ TÁYÀ, A Ń FẸ́ ATẸ́GÙN, A Ń WO TỌ́BÒ. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré díẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Ẹ MÁ WỌ FUNFUN WÁ.