Ohun tí ojú mi rí ní Tivoli pẹ̀lú Màámi

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní London, tí ìyá tàbí bàbá yín ń bọ̀ láti ilé tẹ́ ẹ dẹ̀ fẹ́ mú wọn dé Ítálì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré la dé, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Tivoli ni mò ń sọ, ìlú orí òkè kan lápá ìlà-oòrùn Róòmù, bíi 30 kìlómítà síbẹ̀. Láyé àtijọ́ Tibur ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ làwọn ọlọ́lá Róòmù máa ń sá ooru lọ. Màámi fúnra wọn ló fẹ́ lọ, ẹ bá mi gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí àwọn kan nínú ẹbí wa ti ń sọ pé kí ni mò ń mú ìyá ẹni ọdún 71 gun òkè kiri fún. Tíṣà jọ́gíráfì ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n fi fídíò ọgbà Villa d'Este ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, omi tó ń tú sókè láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń fà á, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Ṣé kí n wá ní rárá ni?

Inú bọ́ọ̀sì ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. A wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ dé Ponte Mammolo, ibẹ̀ la ti wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Tivoli. Lójú ọ̀nà a gba ibì kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, Màámi ní imí ọjọ́ ló wà nínú omi tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde níbẹ̀, wọ́n tún ń fi ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta hàn mí, wọ́n ní òkúta àdúgbò yẹn ni wọ́n kó lọ kọ́ Colosseum. Inú wọn dùn gan-an. Bí mo ṣe ń gbọ́ àlàyé wọn lọ́wọ́ lẹnì kan pe "Villa", mo bá ní Màámi ẹ jẹ́ ká sọ̀. Villa Adriana nibẹ̀ yẹn, kì í ṣe Villa d'Este. Méjèèjì ò sí lójú kan náà o! Adriana wà nísàlẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, d'Este wà lókè láàárín ìlú gangan, bíi 5 kìlómítà ló wà láàárín wọn.

Torí pé a ti sọ̀, mo ní ká kúkú wọlé. Ilé Hadrian ni, olú ọba Róòmù tó jọba láti 117 sí 138. Ẹ má pè é nílé lásán, ó tó 120 hẹ́kítà, ilé ìwẹ̀ lọ́tọ̀, gbọ̀ngàn lọ́tọ̀, adágún omi kan wà tó gùn gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Canopus, ère òkúta tò sétí ẹ̀. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Àmọ́ oòrùn Júláì ni, òjìji ò tó nǹkan, orí òkúta wẹ́wẹ́ la dẹ̀ ń rìn fún ohun tó lé ní wákàtí méjì. Mo bi Màámi pé ṣé ó ti rẹ̀ yín, wọ́n ní "rárá o, mo wà dáadáa."

Ẹ jẹ́ n yáa sọ èyí níbí, òun ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo nǹkan yìí. Ẹ má bi òbí yín pé ṣé ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọn ò ní sọ òótọ́ fún yín. Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mò ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti sọ ọ́ di náírà nínú orí wọn, owó yẹn ni wọn ò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹsẹ̀ wọn ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ọ̀sán ti pọ́n ká tó wọ bọ́ọ̀sì míì gòkè dé d'Este. Òkè lẹ́ ẹ máa gbà wọlé, inú ààfin, ọgbà náà wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ níwájú yín bí ẹní ń sọ̀ láti orí Olúmọ. Kádínà Ippolito d'Este ló kọ́ ọ, ọdún 1550 ni wọ́n fi jẹ gómìnà ìlú náà, ilé àwọn mọ́ǹkì ló sọ di ààfin, Pirro Ligorio ló ya àwòrán iṣẹ́ náà fún un. Odò Aniene ni wọ́n fà wá, wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ ìlú kọjá kómi lè dénú ọgbà, bó ṣe ń ti òkè bọ̀ yẹn lagbára ẹ̀ fi ń tì í jáde. Níwájú Fontana dell'Organo, omi tó ń já bọ́ ló ń ti atẹ́gùn sínú dùùrù kan tó fi ń kọrin, wákàtí méjì méjì ni wọ́n ń jẹ́ kó dún. A bá a níbi tó ti ń dún. Màámi dìde dúró, wọ́n ń mi orí bí ìgbà tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, omijé wà lójú wọn. Bá a ṣe tún ń sọ̀ kalẹ̀ lọ nìyẹn, títí a fi dé ìdí àwọn adágún ẹja nísàlẹ̀.

Ìgbà tí mo ní ká máa lọ ni Màámi gbé ọwọ́ lé èjìká mi, wọ́n fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Wọ́n tún gbìyànjú, ó kọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ààfin lókè réré, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn, àyà mi já. Mo bọ́ bàtà wọn, ẹsẹ̀ ti wú, àmì okùn bàtà ti wọ inú ẹran. Láti Villa Adriana ni o, láti òwúrọ̀! Wọ́n kàn ti tú okùn ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ike omi wa ti gbẹ, omi dẹ̀ ń dún gbùùù yí wa ká tá ò lè mu. Mo bẹ̀rẹ̀ mo ní kí wọ́n jẹ́ n pọ̀n wọ́n, mi ò gbé ẹsẹ̀ márùn-ún tí mo fi rí i pé ma ṣe wọ́n léṣe. Ìyá tó pọ̀n mí lọ oko, tó pọ̀n mí lọ ọsibítù lóru. Wọ́n wá dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ má bínú, mo ti bà á jẹ́ fún ẹ." Èmi ni wọ́n ń bẹ̀! Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mi ò dẹ̀ tíì lè sọ ọ́ fẹ́nì kankan kójú mi má tutù.

Obìnrin ará Ítálì kan àti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló ràn wá lọ́wọ́, wọ́n fún Màámi lómi, a dì wọ́n mú lọ́tùn-ún lósì, àtẹ̀gùn márùn-ún ká jókòó, títí a fi jáde. Lálẹ́ mo fi róòbù ra orúnkún wọn, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta wọ́n ti ń rìn.

Torí náà, tó bá jẹ́ pẹ̀lú àgbàlagbà, ẹ mú ẹyọ kan lójúmọ́, d'Este ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, láàárọ̀. Kó má jẹ́ Mọ́ńdè ṣá, torí ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ bi gáàdì pé ọ̀nà wo lẹ máa gbà gòkè padà, sísọ̀kalẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní àwọn wà dáadáa, ẹ jókòó pẹ̀lú wọn ná, ẹ ní ẹ̀yin ló rẹ̀, ẹ bọ́ bàtà wọn kẹ́ ẹ wò ó. Mi ò ní kẹ́ ẹ má mú wọn lọ o, Màámi ò kábàámọ̀ pé àwọn lọ, dùùrù yẹn ni wọ́n ń ròyìn fún gbogbo ẹni tó bá pè wọ́n láti Ìbàdàn.

Villa Gregoriana, ọgbà míì tó wà ní Tivoli, la ò dé. Odò Aniene yìí náà ló kún lọ́dún 1826 tó gbé ilé lọ, Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún wá ní kí wọ́n gbẹ́ ihò gba inú òkè Catillo kómi lè gba ibòmíì, ibẹ̀ ló ti ń já bọ́ látòkè báyìí. Àfonífojì lòun náà, ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n afárá kan wà nínú ìlú, Ponte Gregoriano, tẹ́ ẹ bá dúró lórí ẹ̀ ẹ máa rí tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan létí ọ̀gbun láìsọ àtẹ̀gùn kankan. Ibẹ̀ ni ma mú Màámi lọ tí wọ́n bá tún padà wá, ma gbé àga kékeré dání.