Owó Gbígbó Nínú Àpòòwé: Àyẹ̀wò Ọdún Wa ní Jàpáànù

Lọ́dọọdún, oṣù kìn-ín-ní la máa ń ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí. Tọdún yìí ò lè rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹfà ti gba gbogbo ọdún mọ́ àwọn oṣù tó kù lọ́wọ́. Òjò ń rọ̀, Màmá Òdìkejì, aládùúgbò wa tí ilé wọn kọjú sí tiwa, sì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa: àwọn ló kọ́ wa pé ọjọ́ tí à ń kó ike síta yàtọ̀ sí ọjọ́ tí à ń kó bébà síta, àwọn náà ló sọ fún wa pé a kì í wọ sílípáàsì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé pálọ̀. Ẹni ọdún 91 ni wọ́n. Nílé wa, òkú ẹni ọdún 91, màlúù ni, aṣọ ẹbí ni, onílù ni, ọmọ á jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Níbí, ọjọ́ méjì péré ni gbogbo ẹ̀ gbà. Aṣọ dúdú làwọn èèyàn wọ̀, ohùn ẹnikẹ́ni ò sì ròkè.

A ti pẹ́ níbí, a sì rò pé a ti mọ ibẹ̀. Òkú Màmá ló jẹ́ ká rí i pé ọ̀pọ̀ èèwọ̀ tí à ń pa mọ́ lójoojúmọ́, ibi òkú ló ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń sìnkú níbí la ó kọ lọ́dún yìí, fún ẹni tí irú ẹ̀ bá dé bá ládùúgbò tí kò sì rẹ́ni bi.

Ìròyìn ikú kì í bá ariwo wá. Pátákó ìkéde tí wọ́n ń gbé láti ilé dé ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní kairanban, ló sábà máa ń gbé e dé, tàbí kí aṣáájú ẹgbẹ́ àdúgbò wá kanlẹ̀kùn. Kí ẹ tó wo ọjọ́ àti ibi tó máa wáyé, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kazokusō ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹbí nìkan ni wọ́n ń pè, ẹ jókòó sílé yín. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé àwọn ò gba owó, ẹ má fi tipá fún wọn. Owó òkú níbí sábà máa ń ní ẹ̀bùn ìdápadà, gbèsè lẹ ó kàn gbé lé ọlọ́fọ̀ lórí. Òfin ò gbà kí wọ́n sun òkú kí wákàtí 24 tó kọjá. Ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí tomobiki bá bọ́ sí àárín. Ọjọ́ kan ni nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn, tí orúkọ rẹ̀ jọ "fa ọ̀rẹ́ dání". Ọ̀pọ̀ ibi ìsunkú ló máa ń tì lọ́jọ́ náà, kí òkú má baà mú ẹnìkan lọ.

Owó yìí gan-an ló yẹ ká dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni àwa ọmọ Yorùbá ti lè ṣìṣe jù. Owó tuntun la máa ń wá kiri ká tó lọ òde, kí ìnáwó lè gún. Àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n níbi òkú, èèwọ̀ ni owó tuntun, torí ohun tó ń wí ni pé ẹ ti ń retí ikú ẹni náà, ẹ ti lọ pààrọ̀ owó sílẹ̀ ní báńkì. Owó tó ti rìn lọ́wọ́ èèyàn ni kí ẹ fi síbẹ̀, kó má kàn ya, kó má sì dọ̀tí. Bó bá jẹ́ tuntun nìkan lẹ ní, ẹ ṣẹ́ ẹ po láàárín lẹ́ẹ̀kan, kí ojú ìṣẹ́po hàn lára rẹ̀. Aládùúgbò máa ń fi 3,000 sí 5,000 yen síbẹ̀, ìbátan á fi 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ 4,000 tàbí 9,000, torí ìró 4 jọ ikú létí wọn, ìró 9 sì jọ ìyà.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣí tọ̀sán-tòru, èyí tó wà ní gbogbo ìkóríta, ló ń ta àpòòwé rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀, torí tìgbéyàwó àti tòkú ń jókòó ti ara wọn lórí pẹpẹ kan náà. Okùn dúdú-òun-funfun ni tòkú (ní agbègbè Kyoto, ó lè jẹ́ yẹ́lò-òun-funfun), wọ́n sì ta á ní kókó tí kì í tú, kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Fún 5,000 yen, èyí tí wọ́n kàn ya okùn sí lára ti tó. Okùn gidi wà fún 10,000 lọ sókè. Bírò kọ́ la fi ń kọ orúkọ sí i, gègé oníbúrọ́ọ̀ṣì tí tàdáwà rẹ̀ ṣá ni, wọ́n ń pe tàdáwà náà ní usuzumi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omijé ti bọ́ sínú tàdáwà. Ó ṣòro láti rí ohun tó wọni lára jùyẹn lọ lórí àpòòwé. Nínú, ẹ kọ iye owó àti àdírẹ́sì yín. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyí: àlejò ò kọ àdírẹ́sì, ọlọ́fọ̀ á wá máa fi ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀ wá ibi tí yóò fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí. Ẹ fi aṣọ kékeré fukusa wé e. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, ó ṣeé lò fún ayọ̀ àti ìbànújẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó rà á. Lórí tábìlì ìgbàlejò, ẹ tú u, ẹ yí i kí orúkọ kọjú sí ẹni tó ń gbà á, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un.

"Kono tabi wa goshūshō-sama desu", ìyẹn ẹ kú ọ̀fọ̀ tiwọn, ti tó láti sọ, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má bèèrè ohun tó pa wọ́n. Ẹ sì yàgò fún ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ bíi tabitabi tàbí kasanegasane, torí ọ̀rọ̀ tó ń ṣe ìlọ́po ń pe ìbànújẹ́ padà wá. Ó le fún àwa tí èdè wa kún fún wéréwéré àti díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Àwa náà máa ń sọ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó jìnnà síra wọn. Nítorí èrò yìí kan náà ni obìnrin fi lè wọ ìlẹ̀kẹ̀ péálì ìlà kan, tí kò gbọdọ̀ wọ ìlà méjì.

Níwájú pẹpẹ, ẹ kọ́kọ́ tẹríba fún ẹbí, lẹ́yìn náà fún fọ́tò. Ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún la fi ń mú tùràrí lílọ̀. Sōtō, ọ̀kan nínú àwọn ìjọ ẹlẹ́sìn Búdà, ni ilé Màmá ń ṣe, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni: a gbé ìkíní dé iwájú orí kí a tó dà á sórí èédú, a kò gbé ìkejì dé orí. Lọ́dọ̀ ìjọ Shingon, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, àwọn ìjọ Jōdo Shinshū kì í sì gbé e sókè rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó wo ọwọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó jẹun lálẹ́ àìsùn, ẹ tọ́ ọ wò, bó tiẹ̀ ṣe òkèlè kan. Kíkọ̀ ló burú. Ẹ kàn má gbá ife mọ́ ife.

Ní Jàpáànù, ó lé ní 99 nínú òkú 100 tí wọ́n ń finá sun. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹbí á dúró yí egungun ká. Èèyàn méjì á jọ fi hashi, igi ìjẹun wọn, mú ẹyọ kan sínú ìkòkò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gòkè títí dé orí, kí ẹni náà má dojú dé nínú ìkòkò. Egungun ọrùn kan, nodobotoke, ló ń gbẹ̀yìn, torí ó jọ Búdà tó jókòó. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi gba oúnjẹ láti hashi sí hashi nídìí tábìlì. Ìdí tí a kì í fi í gúnlẹ̀ sínú ìrẹsì nìyẹn náà, torí ìrẹsì òkú ni wọ́n ń gún un sí. Ọmọ Màmá obìnrin na hashi sí wa, ó ní ká bá òun mú ọ̀kan. A bá a mú un.

Ìkòkò wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21, torí apá ìlà-oòrùn máa ń kó gbogbo egungun. Apá ìwọ̀-oòrùn ń mú díẹ̀, ìkòkò wọn kéré. Apá òsì aṣọ ló ń wà lókè lára alààyè, apá ọ̀tún ló ń wà lókè lára òkú, nítorí náà ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń wọ yukata, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fúnni wọ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì. Iyọ̀ kékeré tí wọ́n bá fún yín, ẹ wọ́n ọn sí àyà, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ọjọ́ 49 lẹ́yìn ikú Màmá pé ní òpin oṣù keje, wọ́n sì gbé ìkòkò lọ sí ibojì. Ní ọjọ́ 13 sí 16 oṣù kẹjọ ni Obon wọn àkọ́kọ́, àjọ̀dún tí ẹ̀mí òkú máa ń padà wálé. Wọ́n so àtùpà funfun kọ́ iwájú ilé. Wọ́n fi igi pẹ́ńpẹ́ kan ẹsẹ̀ fún kùkúńbà kó di ẹṣin, kí wọ́n lè tètè dé, wọ́n fi ìgbá ṣe màlúù, kí wọ́n lè rọra padà.

Ẹ̀bùn ìdápadà dé lẹ́yìn ọjọ́ 49. Nǹkan bí ìdajì iye tí èèyàn mú wá ni, ohun tó máa ń tán ni wọ́n sì ń yàn, bíi tíì, ewé òkun tàbí ọṣẹ, kí ìbànújẹ́ lè bá a tán. Tíì ni tiwa. Ó ṣì wà lórí pẹpẹ, a ò tíì já a.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Màmá, tí wọ́n ka àjèjì mọ́ ẹbí. Ní ìparí oṣù kọkànlá, káàdì wọn dé: wọ́n wà nínú ọ̀fọ̀, wọn ò ní lè sọ "ẹ kú ọdún" fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nínú káàdì ọdún tuntun tí a kó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 15 sí 25 oṣù yìí, tiwọn ò sí níbẹ̀. Kanchū mimai ló kù, káàdì ìbéèrè àlàáfíà nínú òtútù. Ẹ̀yìn ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní là ń fi í ránṣẹ́ (ní Kansai, agbègbè tí Kyoto wà, ẹ̀yìn ọjọ́ 15), kó sì dé kí ọjọ́ 4 oṣù kejì tó pé. Ẹ má lo káàdì ọdún tuntun tó ṣẹ́kù fún un, ẹ má kọ omedetō, ìyẹn ẹ kú oríire, síbẹ̀, ẹ má lo àwọ̀ pupa. Káàdì lásán, 85 yen, ló yẹ. A ti ra tiwa. Òdòdó plọ́ọ̀mù ló wà lára rẹ̀, irú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí ọmọ wọn ní òun kò ní gé.