Dúdú kọ́ ni dúdú: rédíò tuntun nínú Ìjàpá bàbá mi

Ojú ayùn kan wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù Ìjàpá bàbá mi. Kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ, bọ́tìnnì rédíò sì ti bò ó báyìí, ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i. Èmi mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ oníríwáyà kan ti fẹ́ fi ayùn gé irin mọ́tò kí rédíò tí mo rà lè ráyè wọlé. Ìgbà tí mo rí i tí ìyẹ̀fun irin ń dà sórí àga tí bàbá mi máa ń jókòó sí ni mo pariwo pé, "Dúró! Dúró níbẹ̀!" Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ṣebí èmi náà ni mo ní kó ki rédíò bọ̀ ọ́.

Volkswagen ọdún 1976 ni mọ́tò yìí, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1975. Tíṣà ni bàbá mi, òun ni wọ́n fi ń gbé wa lọ sílé ìwé. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé, ó jókòó sábẹ́ páànù nílé wa ní Ìjẹmọ̀, ní Abẹ́òkúta, fún ọdún mẹ́sàn-án, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Nígbà tí mo tún un ṣe tán, ẹ́ńjìnnì dáa, ara rẹ̀ ń dán, rédíò ló kù. Èyí tó bá a wá kò ní FM rárá, ohun tó sì ń gbà kò ju ariwo bíi ti àkàrà nínú epo gbígbóná lọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ojú rédíò rí bíi ti àtijọ́, kí inú rẹ̀ jẹ́ ti òde òní. Kí n lè gbọ́ FM, kí n lè ti orí fóònù gbé Àyìnlá Ọmọwúrà sí i, kí n sì lè dáhùn ìpè láì fọwọ́ kan fóònù. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tí ń gbèsì, ẹ ò rí ayé!

Rédíò tí wọ́n ń torí ẹ̀ gé irin yẹn, tòkunbọ̀ ni, lára mọ́tò Japan ni wọ́n ti tú u. Ó rẹwà gan-an. Bọ́tìnnì rẹ̀ méjèèjì ń dán bíi fàdákà. Ẹni tó tà á fún mi fi bátìrì dán an wò lójú mi, iná tàn, ó ń ṣe ṣìì, mo sanwó. Lẹ́yìn wàhálà ayùn, mo gbé e lọ sílé, mo fi bátìrì àti sípíkà kan tàn án lórí tábìlì, mo ní kí n wá OGBC, iléeṣẹ́ rédíò Ìpínlẹ̀ Ògùn, lórí 90.5. Mo ń yí i, ó dé 90, ó padà sí 76. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ló yá jù. Mo tún yí i. 90, 76. Àṣé lórí 76 ni FM ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Japan, rédíò wọn àtijọ́ kì í sì í kọjá 90. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 87.5 dé 108. Ìdajì mẹ́gáhátìsì péré ló wà láàárín èmi àti OGBC! Ká má tíì sọ Paramount tó wà lórí 94.5 tàbí Rockcity tó wà lórí 101.9. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ wáyà ẹ́ríà, tó ń fa ìkànnì wálẹ̀ síbi tí rédíò Japan ti lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó máa hàn lójú rédíò kò ní jẹ́ nọ́ńbà gidi mọ́. Èmi ò lè máa ṣe ìṣirò kí n tó gbọ́ ìròyìn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dá ọgbẹ́ sí mọ́tò bàbá mi lára nítorí rédíò tí kò lè gbọ́ Abẹ́òkúta.

Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo ra rédíò kí n tó wọn ihò. Èyí tó pọ̀ jù lóde lónìí, ihò gbọọrọ kan ló ń fẹ́, 180 mílímítà ní ìbú, 50 ní gíga. Ti Ìjàpá àti ti púpọ̀ nínú mọ́tò ìgbà náà kò rí bẹ́ẹ̀: ihò róbótó méjì ni fún ọ̀pá bọ́tìnnì, fèrèsé kékeré kan wà láàárín wọn. Irin tín-ín-rín tó pààlà sáàárín fèrèsé àti ihò róbótó yẹn ni ayùn máa ń jẹ. Tó bá ti lọ, panẹ́bítà lè jó òmíràn sí i o, ṣùgbọ́n kò ní rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ láéláé. Rédíò wà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú mọ́tò báyìí. Ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì ṣe é sún síwájú sẹ́yìn títí yóò fi bá ihò mọ́tò mu, ojú rẹ̀ a sì gba inú fèrèsé náà yọ. Irú rẹ̀ ni àbúrò mi bá mi mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Kí ẹ tó ránṣẹ́ ra irú ẹ̀, ẹ fa bọ́tìnnì ti àtijọ́ yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi rúlà wọn àlàfo láti àárín ọ̀pá kan dé àárín èkejì, ẹ wọn fèrèsé náà. Ẹ wọn bí ó ṣe jìn sẹ́yìn pẹ̀lú. Nínú Ìjàpá, iwájú ni búùtù wà, táǹkì epo sì wà níbẹ̀, lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an. Ẹ ṣí búùtù, ẹ yọ páálí tó bo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ óò rí ìdí rédíò kedere. Ẹ óò sì rí i pé síkúrù gígùn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá yìí, ètò wọn lọ́hùn-ún ló wà lórí rẹ̀. FM rẹ̀ gbọ́ tiwa dáadáa, torí tí ẹ bá ń yí i, 0.2 ló ń fò, lórí nọ́ńbà tí ìparí rẹ̀ kì í ṣe oní-méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni 90.5, 94.5 àti 101.9 rí. Mídíọ́mù wéèfù, ìyẹn AM, ni kò bára mu: 10 kilohátìsì ni wọ́n ń fò lọ́hùn-ún, 9 ni tiwa. Mo yí i sí ètò Yúróòpù, ó parí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wáyà. Níbí ni mo ti gbọ́n jù.

Mo ti sọ fún ara mi pé n ò ní gbé mọ́tò fún oníríwáyà kankan mọ́. Mo ka ìwé tó bá rédíò wá: yẹ́lò ni iná tí kì í kú, pupa ni iná tó ń tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́, dúdú ni ilẹ̀, ìyẹn èyí tó ń lọ sí ara mọ́tò. Mo wo ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí wáyà pupa, mo rí dúdú. Ta ló tún ń wá olùkọ́? Mo so dúdú mọ́ dúdú, mo so pupa àti yẹ́lò pọ̀ mọ́ pupa. Mo dè é mọ́lẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Pàà! Fíúsì jó. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Pàà!

Bàbá arúgbó kan wà ní Lafẹnwá tó ti ń ṣe ríwáyà láti ìgbà tí irú mọ́tò yìí kún títì. Mo tọ̀ wọ́n lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Ta ló so èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ fúnra ẹ. Ta ló wá sọ fún ẹ pé gbogbo dúdú ló jẹ́ dúdú?"

Wọ́n fi wáyà àwọ̀ ilẹ̀ (búráùn) kan hàn mí, èyí tí mo ti rò pé ìdọ̀tí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òun ni ilẹ̀. Nínú mọ́tò Jámánì, wáyà àwọ̀ ilẹ̀ ló ń lọ sí ara mọ́tò, dúdú ló ń gbé iná nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, pupa ló ń ti bátìrì bọ̀ tí kì í kú. Ẹ wá fi èyí wé ti rédíò. Dúdú ti rédíò jẹ́ ilẹ̀, dúdú ti mọ́tò jẹ́ iná. Ara rédíò sì ti jókòó lórí irin mọ́tò, nítorí náà bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí báyìí, iná sáré gba inú rédíò lọ sílẹ̀. Fíúsì ló gbà mí. Tí ẹnì kan bá ti fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe nílùú yìí, mo lè máa sọ ìtàn iná báyìí. Nọ́ńbà ni Bàbá ní kí n máa wò, kí n má wo àwọ̀: àwọn ará Jámánì kọ 30 fún iná tí kì í kú, 15 fún iná kọ́kọ́rọ́, 31 fún ilẹ̀. Yẹ́lò rédíò sí 30, pupa rẹ̀ sí 15, dúdú rẹ̀ sí 31. Kí ẹ sì fi mítà wọn ọ́n kí ẹ tó gbà gbọ́, torí mọ́tò tó ti pẹ́ báyìí, ọwọ́ tó ti kàn án pọ̀.

Bàbá tún ilẹ̀ àti yẹ́lò so. Pupa ńkọ́? Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ sára iná tí kì í kú, kí rédíò lè máa kọ láì yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n wò mí, wọn ò jà. Ní ọjọ́ Àìkú, mo gbàgbé rédíò sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tí mo wọ agbádá tán láti lọ síbi ìnáwó ní Àsẹ̀rò, bátìrì ti kú fin-ín-fin-ín. Ìyàwó mi nínú gèlè, èmi nínú agbádá, àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́yìn, wọ́n ń tì wá. Àǹfààní tó wà nínú kí èèyàn máa gbé Ìjẹmọ̀ ni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ò jìnnà. Ní Mọ́ńdè, mo padà sí Lafẹnwá lọ so pupa mọ́ 15. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbowó.

Tí mọ́tò tiyín bá dàgbà ju tèmi lọ, ẹ wo bátìrì kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìjàpá tó ṣáájú nǹkan bí 1967, fóltì 6, ìyẹn agbára iná bátìrì, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, rédíò òde òní sì ń fẹ́ 12. Ẹ ka ìdérí tí wọ́n ń gbà da omi sí bátìrì: mẹ́ta, fóltì 6 nìyẹn; mẹ́fà, 12 ni. Mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tún ní tirẹ̀, nínú irú Morris Minor ayé ọjọ́un, orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara mọ́tò, kì í ṣe nẹ́gétíìfù. Ẹ fi rédíò tuntun sí i bẹ́ẹ̀, ẹ ti sun ún nìyẹn.

Sípíkà náà fẹ́ẹ̀ kó bá mi. Ẹyọ kan ló wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, wáyà rẹ̀ kan lọ sí rédíò, èkejì lọ sí ara mọ́tò. Rédíò tuntun ní ojú mẹ́rin fún sípíkà, ojú kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ má sì so ọ̀tún àti òsì pọ̀ sórí sípíkà kan ṣoṣo. Ẹ ra sípíkà oní-kọ́ìlì méjì, tí ọ̀tún yóò ní tirẹ̀, tí òsì yóò ní tirẹ̀, nínú ọ̀kan náà. Èyí ni mo fi síbi ti àtijọ́. Nígbà tí mo fẹ́ kí ìlù dún dáadáa, káfíńtà bá mi kan àpótí pákó kan tó jókòó sí àlàfo ẹrù lẹ́yìn àga ẹ̀yìn, sípíkà méjì wà nínú rẹ̀. Kò sí ihò kankan lára ilẹ̀kùn.

Bí ẹ ṣe wà lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá wà. Sípíríìnì àga lè kan orí bátìrì bí ẹni tó sanra bá jókòó, fùlùfúlù inú àga á sì gbiná. Ẹ wá rọ́bà bo orí bátìrì náà. Kò kan rédíò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n ò lè rí i kí n dákẹ́.

Ẹ́ríà kò pẹ́. Mo ha ọ̀dà àti ìpatà kúrò nídìí rẹ̀ títí irin fi funfun, ariwo ṣìì yẹn sì lọ sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Lafẹnwá ó ṣì máa ń ta kókó díẹ̀, àpáta Abẹ́òkúta kì í yà fún FM.

Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, mo gbé Màámi lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìbarà. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn nípa rédíò. Wọ́n jókòó, wọ́n tún ìró wọn so, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kí rédíò tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Màámi ti na ọwọ́ kọjá, wọ́n di bọ́tìnnì apá òsì mú, wọ́n yí i sílẹ̀.

"Kí lẹ ṣe yí i sílẹ̀, Màámi? Kò tíì sọ̀rọ̀."

"Ó ti máa ń pariwo jù," ni wọ́n wí. "Bàbá yín ò gbọ́."