Àyẹ̀wò Ọdún: Ọkọ̀ Ìgbòkun Inú Ọgbà Wa ní Tanke

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún yìí ṣe, iṣẹ́ tí mò ń gbowó oṣù rẹ̀ kọ́ ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Ọkọ̀ ni: ọkọ̀ ojú omi onípákó, kékeré, ògbólógbòó, tó ń fi ìgbòkun rìn, tó wà lórí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà wa ní Tanke. Gbogbo ẹni tó bá yọjú ló ń béèrè bóyá ìkún omi là ń retí ní Ìlọrin.

Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á ní Èkó, kò lò ó, ó ní kí n wá gbé e. Mirror ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Jack Holt àti Barry Bucknell ló ya àwòrán rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1962, fún ẹni tí kì í ṣe káfíńtà rárá. Mítà 3.3 ló gùn, pláíwúùdù lásán ni. Wáyà bàbà ni wọ́n fi ń rán pákó mọ́ pákó, bí a ṣe ń rán igbá tó sán, kí wọ́n tó fi fáíbà (aṣọ tí a fi okùn dígí hun) àti résìn (gọ́ọ̀mù olómi tó ń gan) lẹ ojú rírán náà pa.

Òjò ni ọ̀tá irú ọkọ̀ yìí, kì í ṣe òkun. Iyọ̀ inú omi òkun kì í jẹ́ kí olú tó ń jẹ pákó ráyè, àmọ́ omi òjò tó bá dúró sí kọ̀rọ̀ ọkọ̀ láìgbẹ, ibẹ̀ ni pákó ti ń rà. Nígbà ọyẹ́ ni mo fi ìdí ọ̀bẹ kan gbogbo ara rẹ̀. Ibi tó le ń dún kọ́kọ́; ibi tó ti jẹrà ń dún pọ̀ọ̀, ẹnu ọ̀bẹ sì ń wọlé wẹ́rẹ́. Ikán náà ti ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi da ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ti sẹ̀ kúrò nínú mọ́tò yí ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù ká.

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọkọ̀ yìí nílò tí kò sí nílùú yìí. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọkọ̀ lòun mọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe ní Sango mọ bí a ṣe ń tẹ fáíbà tí atẹ́gùn kò fi ní há sábẹ́ rẹ̀. Résìn nìkan ni a jà sí. Èyí tó ń lò kì í di pákó mú tó épọ́sì, irú résìn mìíràn, pákó sì ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọyẹ́. Mo ránṣẹ́ sí Èkó fún épọ́sì. (Ẹ má bi mí léélòó.) Bí a bá pò ó púpọ̀ sínú agolo, agolo á gbóná, á rú èéfín, bí a bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí pákó, kò yára gan. Ọmọkùnrin náà wò ó títí, ó ní, “Bùrọ̀dá, ṣé gọ́ọ̀mù lẹ rà ni àbí omi ẹ̀kọ?”

Ti fọ́kánáísà ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti níwájú ọkọ̀ náà tí kò sí nǹkan nínú wọn ju atẹ́gùn lọ. Àwọn ni kì í jẹ́ kó rì bó bá dojú dé. Mi ò gbà kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ fọn ún, torí pláíwúùdù kì í ṣe táyà, ó lè bẹ́. Ó ki túùbù kẹ̀kẹ́ bọ ihò, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó fi kànìnkànìn pa ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Ní igun kan níwájú, ìfófó kékeré yọ, ó tóbi, ó bẹ́, òmíràn yọ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Owó táyà kan ló gbà lọ́wọ́ mi.

Aṣọ ìgbòkun pupa náà ṣì lágbára, òwú tí wọ́n fi rán an ni oòrùn ti jẹ. Télọ̀ kánópì kan ní Taiwo ló tún un rán, ó ní èèyàn mélòó ló máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Igi tó ń gbé orí aṣọ ti ṣẹ́. Mo fi afàrà rọ́pò. Ìṣó tó ti dógùn-ún, mo fi onídẹ pààrọ̀.

Òjò ti dáwọ́ dúró kí a tó gbé e dé omi Asa, lókè ìdènà, lẹ́yìn tí a ti tọrọ àyè, torí omi tí ìlú ń mu ni. Èmi àti àbúrò mi wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Aṣọ ìgbòkun ńlá nìkan ni mo ta sókè, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í fẹ́ déédéé. Ó rìn. Inú àwọn yàrá náà gbẹ. Àpótí tí pákó àárín (èyí tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) ń gbà wọnú omi nìkan ló ṣì ń jò díẹ̀, mo sì ní láti tú u lọ́dún tuntun.

Lẹ́yìn ìyẹn, Jẹ́bà ló kàn, lórí adágún tó wà lókè ìdènà omi ibẹ̀. Wẹ́dà ti gba àsansílẹ̀ owó ọmọlanke tí a ó fi máa fà á. Táyà wíìlìbárò méjì ló ní kí n wá wá, mo sì ti rí ọ̀kan.